Lẹ́yìn Ìsìnkú: Iṣẹ́ Ẹni tí Ẹbí Fi Ogún Lé Lọ́wọ́

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ní Àjàṣẹ́)

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn ìyá kan ní kí a yé sọ̀rọ̀ ìdìbò nìkan, kí a sọ̀rọ̀ ohun tó ń da ilé rú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ ogún la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti bí a ó ṣe pín in nìkan. Ẹni tí ẹbí gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ la fẹ́ dojú ọ̀rọ̀ kọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní liquidateur ní ilé-ẹjọ́, tí àwa lè pè ní alábòójútó ogún.

Ẹ wò ó, bí bàbá bá kú nílùú wa, ìsìnkú kì í ṣaláìní olórí. Ẹnì kan ń gba owó, ẹnì kan ń kọ orúkọ àwọn tó dá a, ẹnì kan ló lọ ra màlúù, ẹnì kan ló yan aṣọ ẹbí, wọ́n sì ti mọ ẹni tí yóò kó àga wá. Nígbà tí a bá jẹun tán, tí àdúrà ogójì ọjọ́ ti kọjá, gbogbo ẹ̀ tú ká. Ìwé ilẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, a ò mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, kò sì sọ iye rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Owó tó yẹ kí CNSS máa san fún opó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lọ béèrè. Ọdún kan á kọjá, ọdún márùn-ún á kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ajogún á tún kú, àwọn ọmọ tirẹ̀ á wọnú ọ̀rọ̀ náà, ẹni mẹ́fà á di mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ tí ìpàdé méjì ìbá parí á wá di ẹjọ́.

Ní Àjàṣẹ́ níbí, a ò nílò ẹlẹ́rìí. Ẹ rìn kọjá lágbègbè àwọn Àgùdà, ẹ wo àwọn ilé tí àwọn tó ti Bùràsíìlì dé àti àwọn ọmọ wọn kọ́, ilé alájà tí wọ́n ṣe ọ̀nà sí fèrèsé àti ìloro rẹ̀. Àwọn kan ti wó, igi ti hù nínú àwọn mìíràn. Àwọn ènìyàn a máa ní owó ni kò sí. Lóòótọ́, àtúnṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ́n. Àmọ́ nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tó kọ́kọ́ dí ọ̀nà ni pé àwọn tó nilé pọ̀, wọ́n sì fọ́n ká, Kútọnu, Èkó, Libreville, Paris, kò wá sí ẹnì kan tí òfin mọ̀ tó lè buwọ́ lùwé lórúkọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tún òrùlé ṣe, àwọn yòókù á ní ó fẹ́ gba ilé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe jọ máa wo ògiri títí ògiri á fi wó.

Ẹ jẹ́ ká mọ òfin tí a dúró lé ná. Ní 1931, nígbà ìjọba Faransé, wọ́n kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní Coutumier du Dahomey, wọ́n ní àṣà wa ni. Ìwé náà ka obìnrin mọ́ ẹrù tí à ń jogún. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé yẹn ló ń jọba. Ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin gíga orílẹ̀-èdè wa ti sọ ní 1996 pé kò ní agbára òfin rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Code des personnes et de la famille dé, òfin 2002-07, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004, tí wọ́n sì tún apá kan rẹ̀ ṣe ní 2021. Lábẹ́ òfin yìí, ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin dọ́gba nídìí ogún bàbá àti ìyá wọn. Ọmọ tí a bí nílé àti ọmọ tí a bí níta dọ́gba, níwọ̀n ìgbà tí ìwé bá ti fi hàn pé bàbá ló bí i. Opó tó ṣe ìgbéyàwó ní mairie ní ìpín tirẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàánú rẹ̀. Ìgbéyàwó mọ́ṣáláṣí nìkan, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ti ìdílé, kò tó lójú adájọ́. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti bímọ mẹ́ta mẹ́rin fún ọkọ yín láìtíì dé mairie, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín nígbà tí bàbá ṣì wà láàyè. Ẹ bá a sọ ọ́.

Ó dáa. Olóògbé ti lọ. Ìwé ikú ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó lọ gbà á, ẹ sì gba ẹ̀dà tó pọ̀ díẹ̀, torí pé ibi gbogbo ni wọ́n ti máa béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìpàdé ẹbí. Conseil de famille ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ìpàdé tí a ti ń pín ẹran. Níbẹ̀ ni a ó ti kọ orúkọ gbogbo ajogún sílẹ̀, ọjọ́ orí wọn, ìyá tó bí oníkálukú, ibi tí wọ́n ń gbé. A ó yan ẹni tí yóò bójú tó ogún. Bí ọmọ kékeré bá wà, a ó dárúkọ ẹni tí yóò dúró fún un. Wọ́n á kọ PV, àwọn tó wà níbẹ̀ á buwọ́ lù ú. PV yẹn ni a ó gbé lọ sí ilé-ẹjọ́, ará Àjàṣẹ́ sí ti Àjàṣẹ́, ará Kétu sí ti Pobẹ̀, kí adájọ́ fọwọ́ sí i. Kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i, ìwé ẹbí lásán ni. Lẹ́yìn tó bá fọwọ́ sí i, báǹkì á dá yín lóhùn, CNSS á dá yín lóhùn, ọ́fíìsì ilẹ̀ á dá yín lóhùn.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń dúró kì í sábà jẹ́ ọwọ́ adájọ́. Nínú PV fúnra rẹ̀ ni. Ẹbí jókòó, wọ́n kọ orúkọ ọmọ márùn-ún, wọ́n mọ̀ pé ọmọ kẹfà wà ní Abidjan, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ bá ìyálé jà lọ́jọ́ kan, ni wọ́n bá fò ó. Wọ́n rò pé àwọn dọ́gbọ́n. Ọmọ yẹn á gbọ́. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni yóò gbọ́, nígbà tí wọ́n ti ta ilẹ̀, tí ẹni tó rà á ti kọ́lé sórí rẹ̀. Á gbé ìwé ìbí rẹ̀ jáde, á lọ sí ilé-ẹjọ́, gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Alábòójútó tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ tí wọn ò fẹ́ràn gan-an ló máa kọ́kọ́ pè lórí fóònù.

Ohun kejì ni orúkọ. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn akọ̀wé Faransé ṣe kọ orúkọ wa. Ọlátúnjí kan ṣoṣo á jẹ́ Olatoundji nínú ìwé ìbí, á jẹ́ Latoundji nínú ìwé ilẹ̀, CNSS á fi Moussa tàbí Joseph ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ ìbí á sì jẹ́ «vers» níbì kan, ọjọ́ pàtó níbòmíràn. Lójú ọ́fíìsì, ẹni mẹ́ta nìyẹn. Ẹni mẹ́ta ò lè kú ikú kan. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí alábòójútó tẹ́ gbogbo ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì, kó fi wọ́n wé ara wọn, kó wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọn ò bá ti bára mu, kó lọ gba ìwé tó ń jẹ́rìí pé ẹnì kan náà ni wọ́n kó tó gbé fáìlì lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹ wo ìwé àwọn ajogún náà bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ANIP kọ sórí tiwọn. A mọ ẹbí tó pàdánù ọ̀pọ̀ oṣù nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ta ni kí a yàn? Ọ̀pọ̀ ẹbí á ní àkọ́bí ọkùnrin, wọn ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí àkọ́bí bá dára, a ò ní nǹkan kan lòdì sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló ń gbé inú ilé náà tàbí tó ń gba owó ilé náà, ẹ bi í pé àǹfààní wo ló máa rí nínú kí ọ̀rọ̀ tètè parí. Ẹni tó wà ní Paris lè fi owó ránṣẹ́, kò lè tò sórí ìlà ní mairie. Ẹni tó wà nítòsí, tó lè kà tó sì lè kọ, tí kò ní ìbínú, tí àwọn ọmọ ìyá kejì náà lè pè lóru, òun ni kí ẹ wá. Ó lè jẹ́ obìnrin. Lójú tiwa, ọmọbìnrin tó ń tajà, tó mọ bí a ti ń kọ gbèsè àti owó sílẹ̀ nínú ìwé, máa ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ olóyè lọ.

Bí wọ́n bá ti yàn án, ìwé kékeré kan ni kó kọ́kọ́ rà. Ohun tí bàbá fi sílẹ̀ ni yóò kọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó gbé àga kan kúrò nílé: ilé, oko, ilẹ̀, alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ, owó báǹkì, owó àjọ tí wọn ò tíì kó fún un, owó tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́. Kó kọ ohun tí bàbá jẹ pẹ̀lú, torí gbèsè ń jáde kí ìpín tó wọlé. Òfin fún ajogún láàyè láti gba ogún, láti kọ̀ ọ́, tàbí láti gbà á lórí àkọsílẹ̀ ẹrù, kí gbèsè má bàa kọjá ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ kó wá wọ àpò ọmọ. Ẹ ò lè mọ èyí tí ẹ ó mú bí ẹ kò bá kọ nǹkan sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, fóònù bàbá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí ni pé ọmọ tó mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ á ti yọ gbogbo owó inú MoMo kí wọ́n tó gbé òkú dé, á ní ìsìnkú lòun fi ṣe. Ó lè jẹ́ òótọ́ pàápàá. Ta ló máa gbà á gbọ́? Owó náà ti di ti gbogbo ajogún láti ìgbà tí ẹ̀mí ti bọ́. Bákan náà ni ìwé àṣẹ tí bàbá fún ẹnì kan láti máa gba owó ní báǹkì: ọjọ́ tí bàbá kú ni àṣẹ yẹn kú. Ẹni tó bá sì kó ẹrù ogún pamọ́ fún àwọn yòókù lè pàdánù ìpín tirẹ̀ nínú ẹrù náà.

Nínú àkọsílẹ̀ yẹn, kí alábòójútó ya ilẹ̀ tí bàbá fi owó ara rẹ̀ rà sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ ìdílé tó ń ro. Ní Kétu àti Ṣábẹ, ibí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá ń ro nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ìdílé, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, àwọn ọmọ rẹ̀ ò lè tà á bí ẹni ta ẹ̀wù. Èyí tó rà, tí ìwé wà lórí rẹ̀, ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni, àbúrò bàbá ò sì lè sọ pé òun lòun kàn. Bí ilẹ̀ bá ní titre foncier lórúkọ olóògbé, ẹ lọ bá notaire kí orúkọ lè yí padà sí ti àwọn ajogún ní ANDF. Ẹni tó bá ta ilẹ̀ tó ṣì wà lórúkọ òkú, ẹjọ́ ló ń tà fún ẹni tó rà á.

Ìpín wá ńkọ́? Àwọn baba wa ní ọ̀nà méjì, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n jù wá lọ: ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Ní ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí kan. Bí ìyàwó kan bá bí ọmọ kan, tí ekejì bí márùn-ún, ọmọ kan yẹn á mú ìdajì, àwọn márùn-ún á pín ìdajì tó kù. Ní orí-ò-jorí, ọmọ mẹ́fà, ọ̀nà mẹ́fà. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Èkó, wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé London, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ìdájọ́ rẹ̀ jáde ní 1962. Ìdí-igi ni wọ́n dá láre pé ó jẹ́ àṣà. Níbí ní Benin, bí ẹ bá wo Code wa dáadáa, orí-ò-jorí ló bá mu. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òfin òyìnbó ló sọ pé kí ọmọ dọ́gba, àwọn baba wa náà mọ ọ̀nà yẹn.

Àwọn Mùsùlùmí inú wa á béèrè nípa ìpín tí ẹ̀sìn là kalẹ̀. A ò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé níwájú adájọ́, Code ni. Lẹ́yìn tí oníkálukú bá ti mọ ohun tí òfin fún un, bí àgbàlagbà kan bá fẹ́ fi lára tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Kó ti ọkàn rẹ̀ wá, kó sì wà nínú ìwé. Kí á má sọ fún ọmọbìnrin pé kó buwọ́ lu ìwé tí kò kà. Ọmọ tí kò tíì dàgbà kò lè fi nǹkan sílẹ̀ rárá, ẹni tó dúró fún un kò sì lè ta ohun ìní rẹ̀ láìgba àṣẹ adájọ́.

Láàárín gbogbo èyí, ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Alábòójútó lọ sí Pobẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní kó padà wá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nílé, wọ́n ti ń sọ pé ó ti jẹ owó. Kó máa jíṣẹ́, bí kò bá tiẹ̀ sí ohun tuntun. Ẹ ní ẹgbẹ́ WhatsApp fún ọjọ́ ìbí àti ìkíni, ẹ fi ìyẹn jíṣẹ́: «A lọ lónìí, wọ́n ní ìwé ìbí àbúrò kan kò pé, a ó padà lọ́jọ́ Tuesday.» Kó ya àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́. Owó ọkọ̀, owó ẹ̀dà ìwé, owó ilé-ẹjọ́, kó kọ gbogbo rẹ̀, kí ẹbí sì dá a padà fún un. Owó ilé tí ayálégbé ń san, kó wọ ibì kan ṣoṣo, kó má wọ àpò rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú àwọn ajogún bá kọ̀ láti buwọ́ lùwé, kó má dúró dè é fún ọdún méjì. Kó rán àgbà sí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣì kọ̀, ilé-ẹjọ́ ló kù, torí òfin kò fipá mú ajogún kankan láti jókòó lórí ogún àìpín títí láé.

Ààfin Alákétu àti ti Oníṣábẹ, àwọn olórí ìdílé, àwọn àlùfáà, àwọn wọ̀nyí lè parí ìjà, ó sì dára kí a kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n bá kọ kò ní ṣí owó báǹkì. Ẹ gbé e lọ síwájú adájọ́ pẹ̀lú PV.

Àwọn tí bàbá wọn ní ilé tàbí owó ní Nàìjíríà, ẹ̀yin pọ̀ nínú wa. PV tí adájọ́ Benin fọwọ́ sí kò tó níbẹ̀. Ẹ̀ka Probate ní ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ tí ohun ìní náà wà ni ẹ ó ti gba àṣẹ, ti Èkó fún Èkó, ti Ògùn fún Abẹ́òkúta. Ọ̀nà méjì ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Àwọn ará wa ní Atakpamé ní Tógò ní òfin tiwọn, ti 2012, ẹ má fi tiwa dá wọn lẹ́jọ́.

Ìwé ìhágún, díẹ̀ la ó sọ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ pátá, kó kọ ọjọ́, kó buwọ́ lù ú. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, tí bàbá kàn fi àtàǹpàkò tẹ̀, kì í ṣe ìwé ìhágún. Ẹni tí kò lè kọ, kó lọ bá notaire. Kó sì mọ̀ pé òfin kò gbà fún un láti fi ìwé yọ àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ogún pátápátá.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá pẹ̀lú àwọn aláṣẹ ló kù. A ti kọ lẹ́tà, a ó tún kọ òmíràn. Ohun mẹ́ta là ń béèrè. Kí wọ́n lẹ iye owó ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri ní mairie àti ní ilé-ẹjọ́, níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i, kí opó má bàa máa san iye tí ẹni tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà bá dá lé e. Kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè ṣàlàyé ìwé ní Nàgó àti ní Yorùbá, torí ìyá tí kò gbọ́ Faransé ló ń buwọ́ lu ohun tí kò yé e. Kí àwọn adájọ́ sì máa wá jókòó ní Kétu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ogún, nítorí owó ọkọ̀ lọ sí Pobẹ̀ àti bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀mẹ́rin, ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí jáwọ́. Àwọn tó ń wá ìbò wa, ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà yín.

Ẹni tó ní fáìlì tó ti há síbì kan, kó mú un wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé yìí: ìwé ikú, ìwé ìbí àwọn ajogún, PV bó bá wà, àti ìwé ilẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà wá, ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ nílé. Bàbá tó wà lẹ́yìn yẹn ti nawọ́ tipẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìbéèrè wọn.